Àáké àti Igbá Agbe: Ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù Lórí Títọrọ Jẹ

Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí mú wọ inú èdè Yorùbá a máa rìn pọ̀ lẹ́nu ènìyàn: sàká, sàráà àti báárà. Sàká ni ìpín tí a pa láṣẹ fún ọlọ́rọ̀ láti yọ nínú ohun ìní rẹ̀ lọ́dọọdún. Sàráà ni ohun tí ènìyàn fi tinútinú yọ̀ǹda nítorí Ọlọ́run. Báárà ni agbe ṣíṣe, igbe ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó sì na igbá síta. Ṣùgbọ́n orísun wọn kò dọ́gba. Inú èdè Lárúbáwá, èdè Àlùkùránì, ni gbòǹgbò sàká àti sàráà wà. Ọ̀rọ̀ Haúsá ni báárà. Nítorí pé wọ́n jọ ń rìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, wọ́n sì ń wí pé ẹ̀sìn tí ó pàṣẹ ìtọrẹ àánú ni ó bí agbe. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni Ìsìláàmù ti di ẹrù méjì pọ̀: ó kọ̀ fún ẹni tí ó ní láti lé alágbe, ó sì kọ̀ fún ẹni tí ó ní agbára láti ṣagbe. Ohun tí ó yẹ kí a wádìí ni bí ẹrù kan ṣe já sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní ọdún 622 ni Ànábì Muhammad fi Mẹ́kà sílẹ̀ lọ sí Màdínà. Àwọn tí ó bá a ṣí lọ fi ilé, ọjà àti ẹbí sílẹ̀ sẹ́yìn. Muhajirun ni a ń pè wọ́n, èyíinì ni àwọn tí ó ṣí kúrò ní ìlú wọn nítorí ẹ̀sìn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Màdínà tí ó gbà wọ́n sílé ni a ń pè ní Ansar, àwọn olùrànlọ́wọ́. Ànábì so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, ó sọ wọ́n di arákùnrin ara wọn. Ẹni tí a so pọ̀ mọ́ Abd al-Rahman ibn Awf ni Sa'd ibn al-Rabi, ọlọ́rọ̀ pàtàkì láàárín àwọn Ansar. Sa'd fẹ́ pín ọrọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà méjì kí àlejò rẹ̀ mú ìdajì. Abd al-Rahman súre fún un, ṣùgbọ́n kò gba ìdajì náà. Ohun kan ṣoṣo ni ó bèèrè: níbo ni ọjà wà? Wọ́n júwe ọjà fún un. Ó lọ, ó ná ọjà, ó sì mú wàrà gbígbẹ àti òróró wàrà tí ó jèrè bọ̀ wá sílé. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi gbé ìyàwó, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn olówó ìlú náà. Ó yẹ kí a fi ọkùnrin yìí sí ọkàn, nítorí pé orúkọ tí ó ń jẹ́ lọ́jọ́ náà, Muhajir, yóò tún jáde nínú ìtàn yìí ní ilẹ̀ mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo aṣíkiri ni ó mọ òwò bí Abd al-Rahman. Àwọn kan wà tí wọn kò ní ilé, wọn kò sì ní ìbátan ní Màdínà. Abẹ́ ibòji kan nínú mọ́sálásí Ànábì ni wọ́n ń sùn. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní ará Suffa. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́; Abu Hurayra, ẹni tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ hàdíìsì ti ẹnu rẹ̀ jáde, wà lára wọn. Àwọn ará ìlú ni ó ń bọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó túmọ̀ Àlùkùránì ni ó sọ pé nípa irú àwọn wọ̀nyí ni ẹsẹ kan nínú Súrà kejì ń sọ, níbi tí a ti gba onígbàgbọ́ níyànjú láti ṣe ìtọrẹ fún àwọn aláìní tí iṣẹ́ Ọlọ́run há mọ́, tí wọn kò lè rìn káàkiri láti wá jíjẹ. Ẹsẹ náà yìn wọ́n pé wọn kì í rọ̀ mọ́ ènìyàn láti tọrọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò fi rò pé wọ́n ní. Akẹ́kọ̀ọ́ aláìní ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe alágbe. Àwọn ará ìlú ni ó ní láti wá wọn rí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀kọ́ yìí rí. Ní ọwọ́ kan, Àlùkùránì kọ̀ fún Ànábì fúnra rẹ̀ láti jágbe mọ́ ẹni tí ó ń tọrọ, ó sì fi kọ́ni pé ẹni tí ó ń bèèrè ní ẹ̀tọ́ nínú ọrọ̀ olówó, bẹ́ẹ̀ náà sì ni aláìní tí kò la ẹnu rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni a pè é, a kò pè é ní ojú rere. Ní ọwọ́ kejì, àwọn hàdíìsì tí Bukhari, tí ó kú ní 870, àti Muslim, tí ó kú ní 875, kó jọ le koko lórí ẹni tí ó sọ títọrọ di iṣẹ́. Wọ́n ròyìn pé Ànábì wí pé ẹni tí kò yé tọrọ lọ́wọ́ ènìyàn yóò dé ọjọ́ ìdájọ́ láìsí ẹran lójú rẹ̀, àti pé ẹni tí ó ń tọrọ láti fi kún ọrọ̀ tí ó ti ní, ẹyín iná ni ó ń tọrọ. Wọ́n tún ròyìn pé ó sàn kí ènìyàn mú okùn lọ sí igbó, kí ó di igi sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó sì tà á, ju kí ó máa tọrọ lọ, yálà wọ́n fún un tàbí wọn kò fún un. Ọwọ́ òkè, ni Ànábì wí, sàn ju ọwọ́ ìsàlẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún Yorùbá láti gbọ́, nítorí pé ọwọ́ afúnni ní í lékè.

Èyí tí ó kún jùlọ nínú àwọn ìròyìn wọ̀nyí ni ìtàn àáké, tí ó wà nínú àkójọ Abu Dawud, ẹni tí ó kú ní 889. Ọkùnrin kan nínú àwọn Ansar tọ Ànábì wá láti tọrọ. Ànábì kò lé e, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fún un ní owó. Ó bi í léèrè bóyá kò sí ohunkóhun nínú ilé rẹ̀. Ọkùnrin náà ní aṣọ kan wà, tí àwọn ń fi apá kan bora tí àwọn sì ń tẹ́ apá kejì sílẹ̀, àti ife kan tí àwọn fi ń mu omi. Ànábì ní kí ó kó wọn wá. Nígbà tí ó kó wọn dé, Ànábì gbé wọn sókè, ó sì lu wọ́n ní gbàǹjo láàárín àwọn tí ó jókòó. Ẹnì kan ní òun yóò san dírhámù kan. Ànábì bèèrè ẹni tí yóò fi kún un, ó tún bèèrè, títí tí ẹlòmíràn fi san méjì. Ó kó dírhámù méjèèjì lé ọkùnrin náà lọ́wọ́: kí ó fi ọ̀kan ra oúnjẹ lọ fún àwọn ará ilé rẹ̀, kí ó fi èkejì ra àáké, kí ó sì mú àáké náà padà wá. Nígbà tí ó mú un wá, Ànábì fi ọwọ́ ara rẹ̀ de igi mọ́ ọn. Ó ní kí ó lọ máa ṣẹ́ igi kí ó sì máa tà á, òun kò sì fẹ́ rí i fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọkùnrin náà lọ. Nígbà tí yóò fi padà, ó ti ní dírhámù mẹ́wàá. Ó fi díẹ̀ ra aṣọ, ó fi díẹ̀ ra oúnjẹ. Ànábì wá sọ fún un pé èyí sàn ju kí agbe di àmì sí ojú rẹ̀ ní ọjọ́ ìdájọ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ oníwàásù ni ó máa ń sọ ìtàn yìí láti fi bá ọ̀lẹ wí, wọn kò sì ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ju ti ọ̀lẹ lọ. Oúnjẹ ni ó ṣáájú àáké. Àwọn tí ebi ń pa nílé ni a kọ́kọ́ rò. Owó àáké ti inú ohun ìní ọkùnrin náà jáde, kì í ṣe láti inú àpò ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n olórí ìlú ni ó bá a tà á títí owó rẹ̀ fi di ìlọ́po méjì. Olórí ìlú kan náà ni ó sì de igi mọ́ irin. Ẹni tí ó kọ agbe fún ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ rí i dájú pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tí a yọ̀ǹda fún kò ju mẹ́ta lọ, gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti ṣàlàyé fún ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Qabisa. Èkíní ni ẹni tí ó dúró fún gbèsè ẹlòmíràn kí ìjà lè parí. Kí ó tọrọ títí gbèsè náà yóò fi tán, kí ó sì ṣíwọ́. Èkejì ni ẹni tí àjálù run ohun ìní rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ìṣẹ́ bá débi pé àwọn ọlọgbọ́n mẹ́ta nínú ẹbí rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Kí ó tọrọ títí yóò fi rí ohun tí yóò gbé e ró. Ohun tí ó bá kọjá ìwọ̀nyí, èèwọ̀ ni. Ààlà wà, òpin sì wà; kò sí agbe tí ó jẹ́ ti gbogbo ọjọ́ ayé. Hakim ibn Hizam tọrọ lọ́wọ́ Ànábì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì rí gbà, ṣùgbọ́n Ànábì bá a sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ òkè àti ọwọ́ ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Hakim kò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí Abu Bakr àti Umar tilẹ̀ pè é pé kí ó wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó kọ̀ títí ó fi kú. Àwọn mìíràn jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kì yóò bẹ ẹnikẹ́ni fún ohunkóhun, tó bẹ́ẹ̀ tí pàṣán lè jábọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lórí ẹran, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láti mú un.

Bí òfin ṣe le tó fún ẹni tí ń tọrọ, bẹ́ẹ̀ ni ó le fún ẹni tí ó ní. Sàká kì í ṣe ohun tí olówó ń fi sí igbá alágbe nígbà tí ó bá wù ú. Ìdá kan nínú ogójì ni ti owó. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ti irúgbìn tí òjò bomi rin, ìdá kan nínú ogún sì ni ti èyí tí a fi agbára fa omi sí. Súrà kẹsàn-án ka oríṣi ènìyàn mẹ́jọ tí a lè ná an lé lórí; tálákà àti aláìní ni ó ṣáájú, ajigbèsè àti arìnrìn-àjò tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Nígbà tí Ànábì kú ní 632 tí àwọn ẹ̀yà kan kọ̀ láti san sàká, Abu Bakr gbé ogun tì wọ́n. Abu Yusuf, adájọ́ ńlá tí ó kú ní 798, ròyìn pé Umar, tí ó jọba tẹ̀ lé Abu Bakr, rí arúgbó afọ́jú kan tí ó ń ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà. Júù ni arúgbó náà. Ó ní owó orí, àìní àti ọjọ́ ogbó ni ó sọ òun di alágbe. Umar mú un lọ sí ilé ara rẹ̀, ó fún un ní nǹkan, ó sì ránṣẹ́ sí olùtọ́jú ilé ìṣúra pé kò tọ́ kí a jẹ ìgbà èwe ọkùnrin yìí tán kí a sì já a sílẹ̀ ní ọjọ́ ogbó. Ó mú owó orí kúrò lọ́rùn rẹ̀ àti lọ́rùn àwọn tí ó dà bí i tirẹ̀. Al-Walid, tí ó jọba ní Damasku láti 705 títí di 715, ni àwọn òpìtàn sọ pé ó fi owó oúnjẹ lélẹ̀ fún àwọn adẹ́tẹ̀ kí wọ́n má baà tọrọ mọ́, tí ó sì fún arọ ní ìránṣẹ́ àti afọ́jú ní ẹni tí yóò máa fà á lọ́wọ́.

Síbẹ̀ agbe kò parẹ́. Nígbà tí ìlú ńláńlá bí Baghdad àti Basra dìde, agbe di iṣẹ́ olóye. Al-Jahiz, òǹkọ̀wé Basra tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ṣàlàyé ọgbọ́n àwọn tí ń díbọ́n pé ojú àwọn fọ́ tàbí pé a ti gé àwọn láhọ́n. Al-Hariri, tí ó kú ní 1122, fi Abu Zayd, alágbe tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, ṣe olórí ìwé rẹ̀, àwọn àlùfáà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà sì ka ìwé náà fún ẹ̀kọ́ èdè. Al-Ghazali, tí ó kú ní 1111, wá fi ìdí mẹ́ta lélẹ̀ tí agbe fi jẹ́ èèwọ̀ àyàfi tí ipá bá ju ipá lọ: alágbe ń fi Ọlọ́run sùn fún ènìyàn, ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe Ọlọ́run, ó sì ń kó ìnira bá ẹni tí ó tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ìtìjú ni ó máa ń mú ọ̀pọ̀ fúnni, kì í ṣe ìfẹ́.

Nígbà tí ẹ̀sìn yìí gba aṣálẹ̀ kọjá dé ilẹ̀ Bọ̀rọ̀nú àti ilẹ̀ Haúsá, ẹ̀kọ́ náà bá a dé. Àwọn ọba Bọ̀rọ̀nú a máa fún àwọn onímọ̀ ní ìwé àṣẹ tí ó tú wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ owó orí, kí wọ́n lè gbájú mọ́ ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọdékùnrin ń fi ilé wọn sílẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ málàmù ní ọ̀nà jíjìn. Orúkọ tí a fún wọn ni almajiri. Inú Muhajir ni ó ti wá, orúkọ kan náà tí Abd al-Rahman ń jẹ́ lọ́jọ́ tí ó bèèrè ọ̀nà ọjà. Ètò náà ní ìlànà. Kolo ni ọmọ kékeré, titibiri ni èyí tí ó ti ń bàlágà, gardi sì ni àgbà akẹ́kọ̀ọ́. Gardi a máa ṣiṣẹ́: a ran fìlà, a ta ọjà, a ṣe alágbàṣe. Àwọn kékeré ni ó ń gbé igbá káàkiri fún oúnjẹ alẹ́, àwọn obìnrin ilé sì ti mọ̀ wọ́n. Ní ìgbà òjò, málàmù àti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a padà sí oko. Nígbà tí ìkórè bá tán tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọn a kó wàláà wọn lọ sí ìlú. Àwọn afọ́jú, arọ àti adẹ́tẹ̀ ní olórí tiwọn. Sarkin Makafi, ọba àwọn afọ́jú, jẹ́ oyè tí a mọ̀ ní Kánò. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, igbá ọmọ kéú kì í ṣe àmì pé a ti gbàgbé rẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀nà tí àdúgbò fi ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́, bí a ti bọ́ ará Suffa.

Àwọn aṣíwájú kò sì fi agbe kọ́ni. Nípa Ṣéhù Usman dan Fodio, tí ó bẹ̀rẹ̀ ogun rẹ̀ ní 1804 tí ó sì kú ní 1817, ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé okùn lílọ́ ni ó fi ń jẹun. Muhammad Bello, ọmọ rẹ̀ tí ó jọba ní Sókótó títí di 1837, kọ ìwé lórí wíwá jíjẹ lọ́nà ẹ̀tọ́, ó sì gba àwọn ènìyàn níyànjú láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Lẹ́yìn náà ni òpó kan yẹ̀ lábẹ́ ilé. Ní 1903 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Kánò àti Sókótó. Òfin owó orí ti 1906 kó oríṣiríṣi owó tí ìlú ń san tẹ́lẹ̀ pọ̀ sí abẹ́ ìjọba titun. Àpò ìjọba ìbílẹ̀ ṣì ń jẹ́ Baitulmali, orúkọ ilé ìṣúra àtijọ́, ṣùgbọ́n owó oṣù àwọn ìjòyè àti òṣìṣẹ́, ọ̀nà àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó gba iwájú nínú rẹ̀. Iléèwé titun ni ó sì ń rí owó ìjọba. Málàmù wà lápá kan. Ojú irin dé Kánò ní 1911, ìlú sì gbòòrò. Ọ̀dá tí ó dá ní 1972 sí 1974 lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní oko. Málàmù tí ó ń padà sí oko tẹ́lẹ̀ kò padà mọ́. Ọmọ tí àwọn obìnrin ilé mọ̀ tẹ́lẹ̀ di ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí ó dúró ní ìdíkọ̀ pẹ̀lú abọ́ rọ́bà. Sàká tí ó yẹ kí ó wá a lọ kò wá a mọ́. Igbá nìkan ni ó kù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà náà yàtọ̀. Ọmọ ilé kéú ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn sábà máa ń ti ilé òbí rẹ̀ lọ, kí ó sì padà wá jẹun nílé. Nítorí náà ẹ̀kọ́ Àlùkùránì àti igbá agbe kò so mọ́ ara wọn. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, iléèwé ni ó gbájú mọ́, orúkọ àwọn olùrànlọ́wọ́ Màdínà ni ó sì fi pe ara rẹ̀. Agbe tí a ṣètò bí i ti Kánò dé Ìbàdàn nínú Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá tí a dá sílẹ̀ ní 1916, níbi tí àwọn afọ́jú àti arọ ti ní olórí wọn.

Àwọn ìjọba ti gbìyànjú. Ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ṣe òfin ní 2005 tí ó fi ìyà sí i bí ẹnikẹ́ni bá ń lo ọmọ fún agbe. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ṣí iléèwé fún àwọn almajiri ní Sókótó ní 2012, níbi tí a óò ti kọ́ wọn ní Àlùkùránì àti ìwé pọ̀. Ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ Òkè Ọya fẹnu kò láti fòpin sí ètò náà. A kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ tí a sọ pé wọ́n ti wá. Ní 2023 ni òfin gbé àjọ kan dìde fún ẹ̀kọ́ almajiri àti àwọn ọmọ tí kò sí ní iléèwé.

Ẹni tí ó bá fi ìtàn àáké wọn àwọn ètò wọ̀nyí yóò mọ èyí tí ó sún mọ́ ẹ̀kọ́ Ànábì àti èyí tí ó jìnnà sí i. Kí a sọ fún ọmọ pé èèwọ̀ ni agbe, òtítọ́ ni. Kí a gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, kí a gbé e sí ọkọ̀ ní òru, èyí jẹ́ ìdajì òtítọ́. A kò tíì bèèrè ohun tí ó wà nílé rẹ̀. A kò tíì ra oúnjẹ ọjọ́ náà. Kò sì sí ẹni tí ó de igi mọ́ àáké. Ànábì sọ fún ọkùnrin náà pé òun kò fẹ́ rí i fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ títí tí àáké fi wà lọ́wọ́ rẹ̀.